Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ píánò: ìdáhùn fún ẹni tó ń wá àwo sónátà ṣẹ́lò

Ìbéèrè: Mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun fi orin kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: sónátà (orin gígùn alápá mélòó kan tí ohun èlò nìkan ń ṣe) tí Brahms, olórin Jámánì ayé àtijọ́, kọ fún ṣẹ́lò (ohun èlò olókùn tó dà bíi fáólìn ńlá) àti píánò, èyí tó wà ní kíì E minor. Orin náà wọ̀ mí lára gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo bá oríṣiríṣi ènìyàn tó ti ṣe orin kan náà. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan ń fà á. Mi ò mọ èyí tí mo lè mú. Ta ni kí n gbọ́? Ṣé Brahms nìkan ló kọ irú rẹ̀? Ṣé àwọn àwo àtijọ́ tó ń han ṣààà lábẹ́ orin tọ́ sí dátà mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan mẹ́wàá fún mi.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀gbọ́n mi. Mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá kó àwo mẹ́wàá jọ lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ ni yóò mọ̀, kò ní mọ orin. Tó bá jẹ́ pé méjì péré ni dátà yín lè gbé lóṣù yìí, ẹ gba Brahms tí János Starker àti György Sebők ṣe fún ilé-iṣẹ́ Mercury ní 1964, kí ẹ sì gba sónátà Beethoven tí Mstislav Rostropovich àti Sviatoslav Richter ṣe fún Philips láàrin 1961 sí 1963. Tí iṣẹ́ bá ń dúró dè yín, ẹ lè dá ìwé yìí dúró níbí. Tí ẹ bá ráyè, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ìdí yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ lè máa yan fúnra yín.

Oníṣẹ́lò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yan àwo irú orin yìí. Kò yani lẹ́nu: àwòrán oníṣẹ́lò ló máa ń wà lójú páálí, orúkọ rẹ̀ ló máa ń gàgaàrà, onípíánò á wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Èmi á ní kí ẹ yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó sídìí píánò. Oníṣẹ́lò tó mọṣẹ́ kò wọ́n láyé. Ẹni tó wọ́n ni onípíánò tó lè sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán pátápátá láìbo ẹnìkejì mọ́lẹ̀, tí kò sì ní fi ìbẹ̀rù bíbò ó mọ́lẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀. Nínú àwo tí kò dára tí mo ti gbọ́, ibi tó ti bàjẹ́ jẹ́ ọ̀dọ̀ onípíánò ju ọ̀dọ̀ oníṣẹ́lò lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ dùùrù ní àǹfààní níbí, ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí ẹ ní láti gbé jù sílẹ̀ ná. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́yà ló ń kọrin, dùùrù ń gbè é lẹ́yìn. (Mo mọ̀ pé ní Èkìtì wa yìí, àwọn kan wà tí dùùrù wọn máa ń pariwo débi pé ìjọ ò ní mọ ẹsẹ orin tí kọ́yà wà. Ìyẹn ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn.) Nínú àwọn sónátà wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ń gbè ẹnì kan lẹ́yìn. Tí ẹ bá ń fi etí ẹni tó ń tẹ orin ìsìn gbọ́ Brahms, ìdajì orin náà yóò bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìtàn ló fa èyí. Kí Beethoven tó dé, oníṣẹ́lò ló ni orin. Ẹni tó wà nídìí dùùrù kàn ń fi kọ́ọ̀dù (nótì mélòó kan tó ń dún pọ̀) kún abẹ́ rẹ̀ ni. Ìlà báàsì nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà díẹ̀ tó ń tọ́ka sí kọ́ọ̀dù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ohun tí ọwọ́ ọ̀tún máa ṣe. Bí àwọn sónátà ṣẹ́lò Vivaldi ṣe rí nìyẹn. Haydn kò kọ sónátà fún ṣẹ́lò àti píánò, Mozart náà kò kọ ọ́. Ní 1796, Beethoven, tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, rìnrìn àjò dé Berlin. Ọba Prussia ìgbà náà, Friedrich Wilhelm Kejì, fẹ́ràn ṣẹ́lò débi pé òun fúnra rẹ̀ ń lò ó, ó sì ní ògbóǹtarìgì oníṣẹ́lò kan, Duport, láàfin rẹ̀. Sónátà méjì tó jẹ́ Op. 5 (Op. ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ ẹni tó kọ orin) ni Beethoven kọ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì jókòó sídìí píánò. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí tí ẹni tó kọ orin bá tún jẹ́ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́: kò fi iṣẹ́ du ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ orin náà jáde, píánò ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ lójú ìwé, ṣẹ́lò tẹ̀ lé e. Ó tún kọ mẹ́ta sí i, Op. 69 ní 1808 àti Op. 102 méjèèjì ní 1815, márààrún wọ̀nyí ló sì la ọ̀nà fún gbogbo ẹni tó kọ irú rẹ̀ lẹ́yìn náà, Brahms pẹ̀lú wọn.

Nínú Op. 69, ṣẹ́lò nìkan ló bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀, kò sí píánò rárá. Ó sọ ìdajì ọ̀rọ̀, píánò gbà á, ó parí rẹ̀ lókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pààrọ̀ ipò: píánò sọ ti ṣẹ́lò, ṣẹ́lò dá a lóhùn. Ẹ ti rí obìnrin méjì tí wọ́n ń gún iyán nínú odó kan. Ọmọ odó ọ̀kan ń gòkè bí ti èkejì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ka iye fún ẹnikẹ́ni. Bí Op. 69 ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí Rostropovich bá gbé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kalẹ̀, ohùn rẹ̀ tóbi, ó gbòòrò. Ẹ̀rù lè máa bà yín pé onípíánò á sọnù. Richter kò sọnù. Kò pariwo sí i padà, ó kàn dáhùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀. Àwọn méjèèjì tún tẹ márààrún pọ̀ níwájú èrò ní Edinburgh ní 1964, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀. Tí dátà bá gbà yín láàyè, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé wọn kì í sábà wo ara wọn.

Ìṣòro kan wà tí gbogbo ẹni tó ń ṣe àwo irú èyí ń bá yí. Píánò tí Beethoven mọ̀ kéré sí tòní. Férémù igi ló ní, okùn rẹ̀ tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì tètè ń kú. Píánò ńlá inú gbọ̀ngàn tòní gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, férémù irin ló ní, ó sì lè bo ohùn ìsàlẹ̀ ṣẹ́lò láìlàágùn rárá. Ẹnjiníà tó ń gba ohùn sílẹ̀ lè sún máìkì mọ́ ṣẹ́lò kó lè gbọ́ ọ. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n tó bá ti sún un jù, ẹ máa gbọ́ èémí oníṣẹ́lò àti bí ìka rẹ̀ ṣe ń kan igi, píánò á sì dà bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ẹ sá fún irú àwo bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí orúkọ ara rẹ̀ gbajúmọ̀ tó.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí wọ́n padà sórí irú píánò ìgbà Beethoven. Anner Bylsma àti Malcolm Bilson ṣe é báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni Steven Isserlis àti Robert Levin, tí tiwọn jáde láti ilé-iṣẹ́ Hyperion ní 2014. Isserlis máa ń lo okùn tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe, Levin sì ń tẹ píánò bí ẹni tó ń ronú ohun tó máa sọ níwájú wa. Mo fẹ́ràn tiwọn fún Op. 5 ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Níbi tí píánò tòní ti máa ń di ariwo nínú nótì kéékèèké tó ń sáré, tìrẹ́ tìrẹ́ ni ti Levin ń bọ́ sílẹ̀, ṣẹ́lò kò sì ní láti jà. Àmọ́ ẹ má fi tiwọn bẹ̀rẹ̀. Etí tó ti mọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì máa ń rò pé píánò àtijọ́ ń ṣàìsàn ni, ó sì ń gba ìgbà díẹ̀ kó tó wọni lára.

Tí ẹ bá fẹ́ fi etí ara yín rí i pé ọwọ́ onípíánò ni nǹkan wà, ẹ wá Pierre Fournier. Ọmọ Faransé ni, wọ́n bí i ní Paris ní 1906. Píánò ló kọ́kọ́ ń kọ́ ní kékeré. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un, ẹsẹ̀ ò lè tẹ pẹ́dàlì mọ́, ló bá bọ́ sórí ṣẹ́lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe àwo sónátà Beethoven pẹ̀lú onípíánò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Artur Schnabel ní 1947 sí 1948, Friedrich Gulda ní 1959, Wilhelm Kempff ní 1965. Oníṣẹ́lò kan náà, ohùn kan náà tó mọ́ tó sì níwà, orin kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Op. 69 tó ṣe lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ara wọn, ẹ máa rò pé ènìyàn mẹ́ta ni Fournier.

Schnabel ti dàgbà nígbà yẹn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba gbogbo sónátà píánò 32 ti Beethoven sílẹ̀ lórí àwo. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń sáré lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, nótì kan tàbí méjì lè bọ́ lọ́nà, kò bìkítà, Fournier sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgboyà tí ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ níbòmíràn. Gulda kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tiwọn. Ìka rẹ̀ mọ́, tẹ́ńpò rẹ̀ dúró ṣinṣin (ó fẹ́ràn jáàsì, ó hàn nínú bó ṣe ń di lílù mú), kò sí ìjà, kò sí omijé. Kempff ní tirẹ̀ wà níwájú èrò ní Paris. Ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ kò wúwo, ó sì jẹ́ kí ààyè wà láàrin gbólóhùn kan sí èkejì. Ti Gulda ni mo máa ń gbé kalẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá síbi orin yìí. Ti Kempff ni mo máa ń gbọ́ fúnra mi. Ti Schnabel ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, n kì í sì í gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù kan torí kò fún mi nísinmi.

Ẹ padà sí Brahms yín. Ó bẹ̀rẹ̀ sónátà yín yìí, Op. 38, ní 1862, ó parí rẹ̀ ní 1865, ó sì fi ta Josef Gänsbacher lọ́rẹ, olùkọ́ orin kan ní Vienna tó ń fi ṣẹ́lò ṣeré. Ìtàn kan wà tí àwọn oníṣẹ́lò fẹ́ràn: pé nígbà tí àwọn méjèèjì ń gbìyànjú rẹ̀ wò, Brahms ń gbá píánò débi pé Gänsbacher kígbe pé òun ò gbọ́ ohùn ara òun mọ́, Brahms ní oríire rẹ̀ ni. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, ewu tó wà nínú orin náà gan-an ló sọ. Púpọ̀ nínú ohun tí ṣẹ́lò ń ṣe níbẹ̀ wà lórí okùn ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ òsì píánò náà ń gbé.

Ibi mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ kí n tó gba àwo Op. 38 kankan. Àkọ́kọ́ ni ìṣẹ́jú kan tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣẹ́lò ń kọrin nísàlẹ̀, píánò ń fi kọ́ọ̀dù kéékèèké sí ẹ̀yìn lílù. Kọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èémí. Tí wọ́n bá ń dún bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, onípíánò yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni apá kejì, tó jẹ́ ijó mínúẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá wọ́n lè rẹ́rìn-ín músẹ́. Brahms ti kọ apá kan tó lọ́ra fún sónátà yìí tẹ́lẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò, nítorí náà tí wọ́n bá tẹ mínúẹ́ẹ̀tì yìí pẹ̀lú ojú líle, kò ní sí ibi ìsinmi kankan nínú gbogbo orin.

Ibi kẹta ni apá ìkẹyìn, tó bẹ̀rẹ̀ bíi fúgù (orin tí ohùn kan ti ń dá kókó sílẹ̀, tí àwọn yòókù á máa gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan). Kókó rẹ̀ fara jọ ọ̀kan lára àwọn tí Bach lò nínú iṣẹ́ fúgù ńlá tó kọ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Píánò ló kọ́kọ́ dá a sọ, ṣẹ́lò gbà á, ohùn mìíràn tún wọlé lé wọn lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tẹ Bach rí mọ̀ pé nínú fúgù, ẹni tó ń gbé kókó ló ni ọ̀nà, àwọn tó kù á yà fún un. Ọ̀pọ̀ onípíánò gbàgbé èyí níbí. Gbogbo ọwọ́ ló ń pariwo, ṣẹ́lò ń ya okùn rẹ̀ láti dé òkè ariwo, ohun tí ẹ sì máa gbọ́ ni ìbínú lásán.

Ìdí nìyí tí mo fi mú Starker àti Sebők. Ọmọ Hungary ni àwọn méjèèjì, ilé ẹ̀kọ́ orin kan náà ni wọ́n ti jáde ní Budapest, wọ́n sì jọ ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mọ èémí ara wọn. Ohùn Starker kò sanra. Àwọn kan ní ó gbẹ, ó sì gbẹ lóòótọ́ tí ẹ bá fi wé Rostropovich. Ṣùgbọ́n nínú fúgù yẹn, gbogbo ìlà ló hàn kedere, torí Sebők mọ ìgbà tó yẹ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó ń sunkún nínú àwo yẹn. Orin náà ni yóò jẹ́ kí ẹ̀yin sunkún.

Tí èyí bá gbẹ jù fún yín, ẹ lọ sọ́dọ̀ Rostropovich àti Rudolf Serkin, tí wọ́n ṣe tiwọn ní 1982 fún Deutsche Grammophon. Serkin ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Ó lọ́ra, ó wúwo, ó dà bíi pé àwọn méjèèjì kò fẹ́ kí orin náà parí. Ìgbà mìíràn mo máa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Jacqueline du Pré àti ọkọ rẹ̀ Daniel Barenboim ṣe é ní 1968, pẹ̀lú iná ọ̀dọ́; mo gbà pé ó dùn, ṣùgbọ́n du Pré a máa tẹ gbogbo gbólóhùn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà, tí apá kìíní bá fi máa parí, ó ti rẹ etí mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní gbà fún mi níbí, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Yo-Yo Ma àti Emanuel Ax dára, wọn kì í já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Isserlis àti Stephen Hough, Hyperion, 2005, ni kí ẹ fi ṣe èkejì tí ẹ bá ti mọ Starker dáadáa. Hough wà lára àwọn onípíánò díẹ̀ tó lè mú kọ́ọ̀dù Brahms tó kún fọ́fọ́ dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ wo gígùn àwo kí ẹ tó gbà á. Brahms ní kí wọ́n tún abala àkọ́kọ́ nínú apá kìíní ṣe. Àwọn kan ń tún un ṣe, àwọn kan ń fò ó. Tí apá kìíní bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 14, wọ́n tún un ṣe. Tó bá jẹ́ bíi 10, wọ́n fò ó ni. Ẹ má wá sọ pé ẹnì kan sáré nígbà tó jẹ́ pé ó gé e kúrú ni. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ lára ìyàtọ̀ tí ẹ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ èyí.

Brahms tún kọ èkejì, Op. 99 ní F major, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1886, nígbà tó ń sinmi ní Thun ní Switzerland. Oníṣẹ́lò Robert Hausmann ló kọ ọ́ fún. Píánò ń gbọ̀n rìrì láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣẹ́lò ń ké lórí rẹ̀. Apá kejì rẹ̀ ni ohun tó dára jù tí Brahms kọ fún ṣẹ́lò, ní tèmi. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ lókè fún Op. 38 ló ṣe é mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹ béèrè bóyá Brahms nìkan ló kọ irú rẹ̀. Rárá o. Chopin kọ ọ̀kan, Op. 65, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníṣẹ́lò Auguste Franchomme. Òun ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde lójú ayé rẹ̀, apá mẹ́ta nínú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì fi ṣeré ní Paris ní oṣù Kejì 1848, níbi eré ìkẹyìn tí Chopin ṣe ní ìlú náà. Ẹ máa gbọ́ pé àwo tí du Pré àti Barenboim ṣe ní oṣù Kejìlá 1971 ni kí ẹ gbà, torí òun ló ṣe kẹ́yìn ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kí multiple sclerosis, àìsàn tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, tó gba ṣẹ́lò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn yẹn ń dunni, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìtàn bá yín gbọ́ orin. Rostropovich àti Martha Argerich, 1980, ni mo mú. Iṣẹ́ píánò ibẹ̀ pọ̀ yanturu, Argerich sì ni ẹni tó mú kó dà bí ohun tí kò nira.

Ti Rachmaninoff, Op. 19, parí ní 1901, ọdún kan náà tó parí kọ̀ǹṣẹ́tò píánò (orin píánò pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ńlá) rẹ̀ kejì, ẹ ó sì gbọ́ ọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú rẹ̀, píánò ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹ gba ti Sheku àti Isata Kanneh-Mason, tó wà nínú àwo wọn tó ń jẹ́ Muse, 2021. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn náà, ìyá wọn ní gbòǹgbò ní Sierra Leone, Sheku ló sì gba ipò kìíní nínú ìdíje BBC Young Musician ní 2016. Tí ẹ bá ní ọ̀dọ́ nínú kọ́yà tó ń rò pé orin yìí kì í ṣe ti ènìyàn dúdú, ẹ jẹ́ kó wo àwọn wọ̀nyí. Mi ò torí ìyẹn nìkan dárúkọ wọn: Isata ń gbé gbogbo nótì yẹn láìjẹ́ kí àbúrò rẹ̀ rì.

Ti Shostakovich, Op. 40, 1934, ní ohun kan tí àwọn tó kù kò ní: ẹni tó kọ ọ́ wà nídìí píánò lórí àwo, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú Daniil Shafran, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú Rostropovich. Ó ń sáré gan-an, ojú rẹ̀ le. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orin kọ́ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa jù lọ.

Nípa bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ. Ẹ má fi spíkà fóònù gbọ́ ṣẹ́lò, ẹ jọ̀ọ́. Okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìgbà 65 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nótì tí Brahms fi bẹ̀rẹ̀ Op. 38 ń gbọ̀n bí ìgbà 82. Spíkà kékeré inú fóònù kò lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ ó máa gbọ́ píánò, ẹ ó sì máa bú oníṣẹ́lò. Íápíìsì olówó pọ́ọ́kú sàn ju spíkà fóònù olówó gọbọi lọ fún iṣẹ́ yìí. Dátà kò sì ná yín tó bí ẹ ṣe rò, tó bá jẹ́ ohùn nìkan lẹ gbà láìsí fídíò: ní 128 kbps (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe kún tó), ìṣẹ́jú kan ń jẹ nǹkan bíi 1 MB, gbogbo Op. 38 kò ju nǹkan bíi 25 MB lọ. Ní 320 kbps, ó máa súnmọ́ 60 MB. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ẹ yéé fà á láti íńtánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Àkókò tí ẹ máa gbọ́ ọ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ládùúgbò mi ní Adó, kí gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó sùn, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan apá tó lọ́ra nínú Op. 102 kejì.

Torí pé ẹ ń tẹ dùùrù, ẹ lọ sí IMSLP, ibi tí wọ́n ń kó ìwé nótì orin sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé nótì Brahms wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ mínúẹ́ẹ̀tì Op. 38 jáde, ẹ fi ọwọ́ yín gbìyànjú rẹ̀ lórí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìka yín á sọ fún yín ohun tí onípíánò kọ̀ọ̀kan ń sá fún. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ kan nínú ilé gbé ìbẹ̀rẹ̀ àwo mẹ́ta sáfẹ́fẹ́ láìsọ orúkọ wọn fún yín. Ẹni tí ẹ bá mú láìmọ orúkọ rẹ̀ ni tiyín, kódà tí kò bá jẹ́ ẹni tí mo mú. Tí ẹ bá sì lè gbọ́ ọ lójúkojú, ẹ má jẹ́ kó fò yín: Ifẹ̀ kò jìnnà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Èkó, MUSON, ẹgbẹ́ olórin tó wà ní Oníkan, máa ń ṣe àjọ̀dún orin ní oṣù Kẹwàá.

Ó ku àwọn àwo àtijọ́ tó ń han ṣààà. Ṣáájú ogun àgbáyé kejì, ojú kan àwo kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lọ, nítorí náà àwọn eléré máa ń dúró láàrin apá kan, wọ́n á yí àwo, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ariwo abẹ́ rẹ̀ ń bẹ, píánò sì máa ń dún bí ohun tí wọ́n fi aṣọ bò. Èyí ba ìlànà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, torí ẹ ò ní gbọ́ gbogbo ohun tí onípíánò ṣe. Síbẹ̀, méjì tọ́ sí dátà yín. Èkíní ni Op. 69 tí Emanuel Feuermann àti Myra Hess ṣe ní 1937. Feuermann kú ní 1942, kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì sẹ́ni tó tíì mú ṣẹ́lò rọrùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Hess ń bá a ṣe àwàdà ní apá kejì, ẹ ó gbọ́ ọ kódà lábẹ́ ariwo. Èkejì ni Brahms Op. 99 tí Pablo Casals àti Mieczysław Horszowski ṣe ní 1936. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti apá kìíní, ibẹ̀ ni àwo ti gbó jù fún píánò tó ń gbọ̀n yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì, níbi tí Casals ti ń fi ìka fa okùn láìlo ọrun, kí ẹ tó padà sẹ́yìn.